Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Mirabel

Ọdún méjìlélógún gbáko ni Mavis Hebden fi ń lọ wo ọkọ rẹ̀ nínú eré Kérésì ní tíátà ìlú Scarholme, kò sì rí ojú ọkùnrin náà lórí ìtàgé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kì í ṣe pé ojú Mavis ò ríran. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn màlúù ni Horace ọkọ rẹ̀.

Lọ́dọọdún, bí Kérésì bá ti ku bí ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ará ìlú tó fẹ́ràn eré á para pọ̀, onígẹrun, akọ̀wé báńkì, tíṣà, apín-lẹ́tà, wọ́n á gbé eré kan jáde tí tọmọdé tàgbà á máa pariwo sí títí ọ̀fun wọn á fi gbẹ. Ọkùnrin kan á wọ aṣọ obìnrin, á kun ètè ní pupa, á di ìyá arúgbó. Ìkà kan á wà tí gbogbo ilé á máa hó lé lórí. Màlúù kan náà á sì wà, Mirabel lorúkọ rẹ̀, èèyàn méjì ló wà nínú awọ rẹ̀. Ẹni iwájú ló ń mi orí, òun ló ń ṣẹ́jú, òun ló ń ya ẹnu. Ẹni ẹ̀yìn á tẹ̀ kọrọdọ, á di ìbàdí ẹni iwájú mú, á máa rìn nínú òkùnkùn, á sì máa fa okùn tí ìrù fi ń jù. Àwọn àgbà ní màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Mirabel nírù ní tirẹ̀, Horace ló ń jù ú, èrò á sì máa rẹ́rìn-ín àrìndọ̀bálẹ̀. Ta ló mọ Horace? Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ń dun Mavis gan-an ni ìparí eré. Nígbà náà ni gbogbo òṣèré máa ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn gíga kan, ní méjìméjì, wọ́n á wá tẹrí ba fún èrò. Derek Lumb, akọ̀wé báńkì tó ń ṣe iwájú màlúù, á ṣí orí Mirabel kúrò, á fi eyín rẹ́rìn-ín, á tẹrí ba, àtẹ́wọ́ á máa ró wàá-wàá. Lẹ́yìn rẹ̀, Horace á ṣì wà ní títẹ̀ nínú awọ. Ìdí rẹ̀ nìkan lèrò ń rí. Èmi tí mò ń sọ̀tàn yìí, inú máa ń bí mi bá obìnrin náà, nítorí àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ jẹ́ màlúù, ẹnì kan ṣoṣo ló wá ń gba ìyìn.

Ọdún tí à ń wí yìí ni Horace fẹ́ fi eré màlúù sílẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́tà pínpín, dọ́kítà sì ti sọ fún un pé ẹ̀yìn tó ní kì í ṣe ti màlúù mọ́. Cyril Pogson, onígẹrun tó ń darí eré, tó tún ń ṣe ìyá arúgbó, wá sílé wọn lóṣù kẹwàá. Ó jẹ kéèkì Mavis, ègé mẹ́ta, ó mu tíì, ó wá ní lọ́jọ́ tí eré bá máa kásẹ̀ nílẹ̀, Horace máa jáde nínú awọ, á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ní òun nìkan, á sì tẹrí ba níwájú gbogbo ìlú.

"Ṣé ẹ búra?" Mavis bi í.

"Ìyáàfin Hebden, irun orí mi rèé, mo fi búra."

Orí Pogson sì ń dán bíi dígí, kò ní ẹyọ irun kan. Ibẹ̀ yẹn ló yẹ kí Mavis ti fura.

Ọjọ́ náà pé, ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ karùn-ún oṣù kìíní. Agogo méjì àbọ̀ ọ̀sán leré máa bẹ̀rẹ̀. Bí Horace ṣe ń de okùn bàtà rẹ̀ kó máa lọ ní agogo méjìlá, Mavis dúró tì í lórí.

"Ṣé ẹ ti dán an wò, bí o ṣe máa jáde nínú awọ yẹn?"

"A kì í dán ìparí eré wò, Mavis. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èèwọ̀ ni. Àní ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn eré, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ jáde títí èrò á fi jókòó."

"Èèwọ̀ kọ́, ọ̀lẹ ni."

"Ó ti wà bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi."

"Ọ̀lẹ náà ti wà kí wọ́n tó bí bàbá ẹ."

Horace rẹ́rìn-ín, ó dé kẹ́ẹ̀pù rẹ̀, ó lọ. Mavis wọ kóòtù aláwọ̀ búlúù tó jẹ́ tòde, ó fi ìborùn tí Horace rà fún un nígbà tó fẹ̀yìn tì sọ́rùn, ó nu gíláàsì ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lónìí òun á rí ọkọ òun lórí ìdúró. Ohun tó ń fẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àfi bí ìdíwọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ní Scarholme, bí o kò bá na ọwọ́ sójú títì, bọ́ọ̀sì kò ní dúró fún ọ, ì báà jẹ́ ìwọ lo bí awakọ̀ náà. Atẹ́gùn òkun ti dojú agboòrùn Mavis kodò, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi ń bá a wọ̀yá ìjà nígbà tí bọ́ọ̀sì agogo méjì dín ogún dé. Awakọ̀ wo obìnrin tó ń bá agboòrùn jà, ó wo ọ̀nà rẹ̀, ó kọjá. "Ojú ẹ fọ́ ni?" Mavis pariwo tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ẹ̀fúùfù ló gbọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e fi ogún ìṣẹ́jú pẹ́. Nígbà tó fi máa wọ tíátà, omi ń jò lára rẹ̀, àwọn onílù ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ní láti máa tẹ àwọn èèyàn lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, "Ẹ má bínú, ẹ má bínú," títí ó fi dé ìlà kẹta, àga kẹrìnlá. Àga yìí ló ti ń jókòó sí láti ọdún kìíní, nítorí pé láti ibẹ̀, èèyàn á rí màlúù náà látòkèdélẹ̀.

Lónìí kò rí nǹkan kan. Ọkùnrin gíga kan ló jókòó síwájú rẹ̀, ó dé fìlà oníwo bíi ti àgbọ̀nrín Kérésì, ìwo náà ga, agogo wẹ́wẹ́ sì wà lórí rẹ̀ tó ń dún ṣín-ín-rín.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí fìlà yẹn."

"Kérésì ni, ìyá!"

"Kérésì ti lọ. Ó ti lé lọ́sẹ̀ kan."

"Ọjọ́ méjìlá ni Kérésì. Ẹ ṣírò ẹ̀ dáadáa, òní ló pé."

Ìyàwó rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. "Desmond, ṣí fìlà fún ìyá arúgbó."

"Tí mo bá ṣí i, pípá mi á máa tàn sí wọn lójú. Mò ń ṣàánú wọn ni!"

Ìlà mẹ́ta rẹ́rìn-ín. Mavis kò rẹ́rìn-ín. Desmond ṣí fìlà náà nígbẹ̀yìn, àṣé orí tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò kéré sí fìlà. Mavis fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣé nǹkan ń jẹ yín ni?"

Mirabel jáde. Ilé gbà á pẹ̀lú ariwo. Ọmọbìnrin ọba ló ń ṣe òsúkè láti ọdún kan, wàrà Mirabel nìkan ló lè wò ó sàn, Olówó Gurney tó jẹ́ ìkà sì fẹ́ jí màlúù náà gbé. Bí Derek bá gbé orí Mirabel gba òsì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á kọ́kọ́ dúró bí ẹni tó ń ronú, á ká ẹsẹ̀ kan lé èkejì bí ọmọge tó ń dúró de ọkọ, kó tó wá sáré tẹ̀ lé e. Ẹ̀rín á pa èrò. Mavis mọ̀ pé kò sí ẹni tó kọ́ Horace ní èyí. Òun fúnra rẹ̀ ló ronú rẹ̀ jinlẹ̀ nídìí iṣẹ́ lẹ́tà, láàárín ilé kan sí òmíràn.

"Ọkọ mi nìyẹn," ó sọ ọ́ sí obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ létí.

"Èwo nínú wọn?"

"Ẹ̀yìn."

Obìnrin náà fọwọ́ bà á lápá. "Ẹ kú ìfaradà."

Ìkà yọ látẹ̀yìn igi, ó ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn ìyá arúgbó, gbogbo ilé sì fò dìde: "Ó WÀ LẸ́YÌN RẸ!" Pogson yíjú sọ́tùn-ún, ìkà sá gba òsì. "Kò sí ẹnì kankan!" "Ó WÀ!" "Kò sí!" "Ó WÀ!" Bí wọ́n ṣe ń ṣe é látayébáyé nìyẹn, bí èèyàn bá ti sọ òtítọ́, ẹni orí ìtàgé á jiyàn rẹ̀, ìyẹn gan-an ni adùn eré. Mavis nìkan ni kì í pariwo. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé ìlú, ṣíṣe "ṣíì" sí èèyàn kí wọ́n lè dákẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò mọ ariwo mọ́.

Nígbà ìsinmi, ó lọ tò sí ilé ìtọ̀ obìnrin. Ilẹ̀kùn márùn-ún ló wà níbẹ̀, wọ́n ti méjì pa, ẹnì kan sì ti wọ inú ẹ̀kẹta pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Ó gbọ́ tí agogo dún pé eré ti bẹ̀rẹ̀, èèyàn mẹ́fà ṣì wà níwájú rẹ̀. Nígbà tó fi padà, wọ́n ti fún wàrà Mirabel tán. Apá ibi tí Horace ti máa ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbá garawa wàrà lọ bá onílù gan-an nìyẹn, ibẹ̀ ló dùn jù, fún ìgbà ìkẹyìn láyé, Mavis sì wà nídìí ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀. Ó jókòó, ó di ẹnu pọ̀. Bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, ẹkún ló máa sun.

"Ẹ pàdánù ibi tó dáa!" Desmond yíjú sí i. "Ẹ̀yìn màlúù yẹn, wèrè ni!"

"Mo mọ̀," ni Mavis fi dá a lóhùn.

Ó wá ku orin. Wọ́n fa kọ́tìnì, Pogson nìkan jáde síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ orin tí wọ́n kọ gàdàgbà sára aṣọ, ó ní kí apá ọ̀tún kọ ti òsúkè, kí apá òsì kọ ti màlúù, kí wọ́n wò ó bóyá àwọn wo ni ohùn wọn ròkè jù. Wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kò dùn mọ́ òun nínú, wọ́n tún un kọ. Mavis ti tún ìborùn rẹ̀ wé, ó ti nu gíláàsì ojú. Ẹnì kan sọ nǹkan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí Pogson létí láti ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnì, Pogson wo ẹ̀yìn, ó sì ní, "Ẹ̀ẹ̀kan sí i!"

"Ọlọ́run ò!" Mavis sọ jáde. "Kí ọkùnrin yìí parí ẹ̀ kó jẹ́ kí n sinmi!"

Wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, pẹ̀lú ijó. Kọ́tìnì ṣí. Àtẹ̀gùn náà rèé, wúrà ni wọ́n kùn ún. Àwọn ará abúlé sọ̀kalẹ̀. Olówó Gurney sọ̀kalẹ̀, wọ́n hó lé e, wọ́n tún pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ni Mirabel yọ lókè, pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́rin.

Ẹsẹ̀ mẹ́rin kẹ̀! Mavis ka ẹsẹ̀ náà. Mẹ́rin ni. Màlúù sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́, Derek ṣí orí kúrò, ó fi eyín rẹ́rìn-ín, ó tẹrí ba, àtẹ́wọ́ ró wàá-wàá. Ẹ̀yìn Mirabel wà ní títẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà láti ọdún méjìlélógún. Ó lè jẹ́ pé ó máa jáde nísinsìnyí. Kò jáde. Ọmọbìnrin ọba sọ̀kalẹ̀. Pogson sọ̀kalẹ̀ nínú aṣọ tó rí bíi kéèkì ìgbéyàwó, iná ń tàn lára rẹ̀, ó na ọwọ́ kí ilé dákẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí wọn kì í sọ tẹ́lẹ̀:

"Òsúkè ti lọ, aàfin ti tòrò..."

Mavis kò mọ ìgbà tó dìde. "Ọ̀gbẹ́ni Pogson! Ẹnì kan ṣì wà níbẹ̀!"

Pogson ta gìrì. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ṣe ìyá arúgbó, ara rẹ̀ kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe: ó fi ọwọ́ sẹ́tí. "Kí lẹ wí? Ẹnì kan wà níbo?"

"Lẹ́yìn yín! Ó wà lẹ́yìn yín!"

Háà. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Bí iná ṣe ń ràn mọ́ koríko gbígbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ilé ṣe gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ó WÀ LẸ́YÌN RẸ!"

"Kò sí ẹnì kankan!" Pogson ké, ó yíjú sí ibi tí kò yẹ.

"Ó WÀ!"

"Mi ò ṣeré o!" Mavis na ìka sí ẹ̀yìn màlúù. "Horace Hebden lorúkọ ẹ̀! Ẹ ṣí i sílẹ̀! Ẹ jẹ́ ká rí i!"

"KÒ SÍ!" "Ó WÀ!" Ta ni yóò gbọ́? Desmond ti dé fìlà oníwo rẹ̀ padà, ó gbá a lẹ́jìká tayọ̀tayọ̀. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù nínú wa!"

Mavis rí i pé ìrù Mirabel gbéra sókè díẹ̀, ó sì bọ́ sílẹ̀. Ó rí ojú Pogson náà lábẹ́ ẹfun àti ètè pupa. Kò sí ẹ̀rín nínú ojú yẹn. Ó mi orí sí i, díẹ̀ báyìí. Kọ́tìnì sì wálẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mavis kò dákẹ́, síbẹ̀ tirẹ̀ dákẹ́.

Ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn tíátà nínú òjò, ó ń to èébú tó fẹ́ bú lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni ń to ìwé. Pogson ló kọ́kọ́ jáde, ìdajì ojú rẹ̀ ṣì jẹ́ obìnrin.

"Ègé kéèkì mẹ́ta!" ni Mavis fi kí i. "Ègé mẹ́ta lẹ jẹ nílé mi! Ẹ wá gbé ọkọ mi sọ̀kalẹ̀ bí ẹrù!"

"Ìyáàfin Hebden, ẹ bá Horace sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹlẹ́nu ṣákálá!"

"Ó tọ́ sí mi," Pogson wí, ó sì di ilẹ̀kùn mú fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Horace jáde. Ó ti wọ kóòtù, ó ti dé kẹ́ẹ̀pù, ṣùgbọ́n bó ṣe wà nínú màlúù náà ló ṣe wà níta: ó tẹ̀ kọrọdọ, ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Bàtà Mavis ló fi mọ̀ ọ́n.

"O pariwo," ó ní.

"Mo pariwo."

"Mo mọ ohùn ẹ. Mo ní, Mavis kọ́, Mavis kì í pariwo."

"Kí ló dé tó ò jáde?"

"Mo jáde kẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ ń kọrin òsúkè. Wọ́n ṣí síìpù, mo bọ́ síta, ó wá ku kí n dìde dúró. Ẹ̀yìn kọ̀. Derek fà mí lápá, kò gbọ́. Mo ní kí wọ́n sọ fún Cyril kó ní kí ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ó máa gbọ́."

Mavis rántí orin kẹta.

"Dígí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀," Horace ń bá bàtà rẹ̀ sọ ọ́. "Mo wo ara mi. Mo tẹ̀ bíi màlúù, màlúù ò sì sí lára mi. Mo ní kí wọ́n dá mi padà sínú awọ. Cyril ní rárá, èmi ni mo ní kí wọ́n dá mi padà."

"Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ lo máa ń dé sílé lórí ìdúró!"

"Mo máa ń jókòó sí yàrá ìmúra títí á fi nà. Wákàtí kan. Nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"O ní o bá Derek lọ mu bíà."

"Derek kì í mu bíà."

Ọdún méjìlélógún ló fi bú ọkùnrin yìí nítorí bíà. Oúnjẹ tó ti tutù ló fi ń dè é, á gbé e kalẹ̀ gbà, á sì kọ ẹ̀yìn sí i. Inú ṣì ń bí Mavis, ó ń bí i gidigidi, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó yẹ kó kọ orí ìbínú náà sí mọ́. Ó dì í lápá mú, wọ́n jọ ń lọ sí ibùdókọ̀, orí ọkọ rẹ̀ kò ju èjìká rẹ̀ lọ.

Níbẹ̀, Horace di òpó mú. Ó mí, ó gbé ara sókè díẹ̀, ó dúró. Ó tún mí. Mavis gbọ́ tí egungun kan dún, lẹ́yìn náà òmíràn. Kò ràn án lọ́wọ́, ó mọ̀ pé kò fẹ́. Àwọn tó jáde nínú tíátà ń gba iwájú wọn kọjá, wọ́n ń kọrin òsúkè, kò sẹ́ni tó wò wọ́n. Nígbà tí gbogbo wọn fi máa lọ tán, Horace ti kọjá èjìká rẹ̀, ó ti kọjá etí rẹ̀, ó wá fi òpó sílẹ̀. Ó dúró gbọnrangandan, òjò ń kọ lu ojú rẹ̀, ó rí ìborùn náà.

"O wọ̀ ọ́," ó ní. "Èyí tí mo rà."

"Mo wọ̀ ọ́ kí n lè wò ọ́."

Horace ṣí kẹ́ẹ̀pù, ó fi í lé àyà. "Ó dáa nígbà náà. Ó kù díẹ̀ kí ìtẹríba náà bọ́ lọ́wọ́ wa." Ó sì mú orí sọ̀kalẹ̀, ó fẹ́ tẹrí ba fún un.

"Má dán an wò!" Ariwo tó kúrò lẹ́nu Mavis ju ti tíátà lọ. Ó gbá a mú léjìká, ọ̀tún àti òsì, ó tì í padà sókè. "Má tẹ̀! Horace, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má tẹ̀ mọ́! Dúró bẹ́ẹ̀!"

Iná bọ́ọ̀sì yọ ní ìsàlẹ̀ títì. Mavis rí i. Ó mọ̀ pé òmíràn kò sí àfi lẹ́yìn wákàtí kan, ó sì mọ̀ pé ọwọ́ kan ṣoṣo lòun máa nà. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, kò mú ọwọ́ kankan kúrò léjìká rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ta omi sí wọn lẹ́sẹ̀, ó sì kọjá lọ.